Odi Nìkan Kò Lè Ṣọ́ Ìlú
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé oṣooṣù ẹgbẹ́ wa)

Ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ fi lé wa lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ ìwà ipá àti àwọn adigunjalè ní Lẹ́kkí Phase 1 àti agbègbè rẹ̀. A kò wá dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ohun tí a fẹ́ ni kí a wo ẹ̀yìn wò, kí a lè mọ ohun tí ń ṣọ́ ìlú ní tòótọ́.

Jàgùdà kì í ṣe ohun titun ní Èkó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun abẹ́lé parí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970, ìbọn ti pọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ. Ní ọdún náà ni ìjọba ológun ṣòfin pé ikú ni èrè adigunjalè. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án, 1971, wọ́n yìnbọn pa Ishola Oyenusi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bar Beach, tí kò jìnnà sí Lẹ́kkí, níṣojú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ọ̀pọ̀ rò pé ìbẹ̀rù yóò pa olè rẹ́. Síbẹ̀, ní ọdún 1986, Lawrence Anini kó ìdààmú bá Ìlú Benin, ọ̀gá ọlọ́pàá kan sì wà lára àwọn tí ń ràn án lọ́wọ́. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.

Ní ọjọ́ 14 oṣù keje, 1990, ìjọba Gómìnà Raji Rasaki wó Maroko, lẹ́bàá ibi tí a ń pè ní Lẹ́kkí Phase 1 lónìí. Ọjọ́ 7 péré ni wọ́n fún àwọn ará ibẹ̀, tí a ń kà sí 300,000 ènìyàn. A kó díẹ̀ nínú wọn lọ sí Ìlasàn àti Ìkọ̀tá. Ọ̀pọ̀ kò rí ibi kankan lọ. A kò sọ pé àwọn tí a lé ni ó di olè. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ tún ń ṣẹ̀ ẹni tí a ti ṣẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé nígbà tí àdúgbò tú ká, ojúlùmọ̀ tú ká pẹ̀lú. Àwa tí a wá kọ́lé lẹ́yìn náà mọ odi gíga, a gba ọlọ́dẹ, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó mọ orúkọ ẹni tí ń bẹ lẹ́yìn odi kejì?

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta, 2015, àwọn adigunjalè kọlu ilé ìfowópamọ́ ní òpópó Admiralty Way. Ojú omi ni wọ́n gbà wá, ojú omi ni wọ́n sì gbà lọ. Àwọn ọlọ́pàá wà lára àwọn tí ó kú. Gbogbo géètì wa kọjú sí títì, ọ̀sà sì ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Èyí tí ó dùn wá jù ni ti ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún, 2022. Ní Lẹ́kkí Phase 1 yìí kan náà, àwọn ọlọ́kadà lu ọ̀dọ́mọkùnrin kan pa, wọ́n sì dáná sun ún, nítorí ìjà owó ọkọ̀. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe adigunjalè. Iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni wọ́n jáde wá ṣe. Ìjọba fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Etí-Ọ̀sà sì wà lára wọn, láti ọjọ́ 1 oṣù kẹfà. Òfin lè gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Kò lè gbin sùúrù sí i lọ́kàn.

Ǹjẹ́ kí ni kí a ṣe? Èkíní, kí olúkúlùkù òpópó máa pàdé lóṣooṣù, onílé àti ayálégbé, awakọ̀ àti ọlọ́dẹ, kí ojú lè mọ ojú. Èkejì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ ara rẹ̀ ṣèdájọ́. Bí a bá mú afurasí, kí a fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ láàyè. Ẹ̀kẹta, kí àwa tí a lówó rán ọmọ àwọn tí kò ní lọ sí ẹnu ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ọwọ́. Àwọn baba wa wí pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ilé tí a kọ́ ní Lẹ́kkí pọ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ ọmọ pẹ̀lú.