Jẹjẹrẹ Ẹnu Ilé Ọmọ: Ohun Tí Ìwádìí Ti Mọ̀, àti Ohun Tó Kù Kó Dé Ajégúnlẹ̀

Ọ̀rọ̀ ojú ara obìnrin la fẹ́ sọ, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé ni kì í fẹ́ gbọ́ ọ létí ọmọdé, àgàgà létí ọkùnrin. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láyè kí n là á mọ́lẹ̀, nítorí ìtìjú yìí wà lára ohun tó ń pa wá.

Ní ọdún 2022, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ fojú bù ú pé àwọn obìnrin tó lé ní 13,000 ni jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ mú ní Nàìjíríà, ó sì pa nǹkan bí 7,000. Jẹjẹrẹ ọmú nìkan ló ń mú obìnrin wa jù ú lọ. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé nínú gbogbo jẹjẹrẹ tó ń bá ẹ̀yà ara ìbímọ obìnrin jà, òun yìí gan-an ni ìwádìí ti rí ìdí rẹ̀ jù. A mọ ohun tó ń fà á. A lè rí i lọ́pọ̀ ọdún kó tó di jẹjẹrẹ. A ní abẹ́rẹ́ tó ń dènà rẹ̀, a sì ní ìtọ́jú tó ń wò ó bí a bá tètè bá a. Nítorí náà, bí obìnrin bá kú ikú yìí ní àdúgbò wa, ní Coconut tàbí ní Boundary, lónìí, a ò lè sọ pé ìmọ̀ ló kù díẹ̀ káàtó. Àwa la ò tíì gbé ìmọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọdún 1983 ni onímọ̀ ará Jámánì kan, Harald zur Hausen, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rí kòkòrò fáírọ́ọ̀sì kan nínú ẹran ara àwọn obìnrin tó ní àrùn yìí. HPV ni wọ́n ń pe ìdílé kòkòrò náà. Oríṣiríṣi rẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún, nọ́ńbà ni wọ́n sì fi ń dá wọn mọ̀. Oríṣi 16 ni wọ́n kọ́kọ́ rí, wọ́n rí 18 lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì yìí ló sì wà nídìí nǹkan bí 7 nínú 10 jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ní gbogbo ayé. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni kò kọ́kọ́ gbà fún un, torí kòkòrò mìíràn ni wọ́n ń fura sí. Nígbà tó fi máa di 2008, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel.

Ìbálòpọ̀ ni kòkòrò yìí ń bá wọlé. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọkọ fetí sí dáadáa. HPV wọ́pọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ jù lọ ènìyàn tó ti mọ ọkùnrin tàbí obìnrin rí ni yóò kó o nígbà kan láyé wọn. Ara fúnra rẹ̀ máa ń lé e lọ láàárín ọdún kan sí méjì. Lára obìnrin díẹ̀ ni kì í lọ, ibẹ̀ ni yóò sì jókòó sí, tí yóò máa ba ẹran ara ẹnu ilé ọmọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún 15 sí 20 kó tó di jẹjẹrẹ. Obìnrin tí kò mọ ọkùnrin mìíràn yàtọ̀ sí ọkọ rẹ̀ lè ní in. Kì í ṣe àmì ìṣekúṣe, kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ọwọ́ orogún. Mo ti rí ilé tó dàrú nítorí ẹ̀sùn tí kò nídìí yìí.

Ẹ jẹ́ ká wálé. Ní Ìbàdàn, àwọn olùwádìí lọ bá àwọn obìnrin ládùúgbò Ìdíkàn, wọ́n sì yẹ 932 nínú wọn wò. Nígbà tí èsì rẹ̀ jáde ní 2004, ó hàn pé iye tó ní HPV lára lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin: 26.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun méjì nínú èsì yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Nílẹ̀ òkè òkun, àwọn ọmọge ni kòkòrò yìí máa ń pọ̀ lára wọn, iye náà a sì máa lọ sílẹ̀ bí ọjọ́ orí bá ń ga. Ní Ìdíkàn, kò lọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀; àwọn abilékọ àti àwọn ìyá àgbà náà ní in. Èkejì ni pé oríṣi 35, tí kò wọ́pọ̀ ní Yúróòpù, wà lára àwọn tó pọ̀ jù níbẹ̀. Oríṣi 35 yìí kò sí nínú abẹ́rẹ́ àjẹsára kankan tí wọ́n ń lò káàkiri títí di ìsinsìnyí.

Èmi kò fi èyí bu abẹ́rẹ́ náà kù. Oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 lọ́fẹ̀ẹ́, Èkó sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń gún un. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lára àwọn ọmọbìnrin ní Kenya, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2022, fi hàn pé ẹ̀ẹ̀kan náà ń dènà 16 àti 18 dé ìwọ̀n tó lé ní 97 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó ń sọ pé ó ń dí ọmọ lọ́wọ́ àtibímọ, irọ́ ni wọ́n ń pa. Ẹni tó bá ní ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 nílé kó jẹ́ kó gbà á. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ yìí kì í lé kòkòrò tó ti wà lára jáde. Kò lè ran ìyá ọmọ náà, ẹni ọdún 40, lọ́wọ́. Àyẹ̀wò nìkan ló lè ràn án lọ́wọ́.

Ọ̀nà àyẹ̀wò tó pẹ́ jù ni èyí tí George Papanicolaou ṣàlàyé nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1943: wọ́n á ha sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ láti ẹnu ilé ọmọ, wọ́n á sì gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ awò. Ó gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Lọ́dọ̀ wa, ó ń fẹ́ yàrá àyẹ̀wò, ó ń fẹ́ onímọ̀ tó lè kà á, ó sì ń fẹ́ kí obìnrin padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Obìnrin tó fi ọjà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ta ló fẹ́ mú un padà wá?

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa Mumbai ní Íńdíà. Ìlú èbúté ni bíi tiwa, ó sì ní àdúgbò táwọn mẹ̀kúnnù há mọ́ra wọn bíi ti Ajégúnlẹ̀. Láti 1998, ilé ìwòsàn Tata Memorial kó àwọn obìnrin bí 150,000 jọ níbẹ̀, wọ́n sì pín wọn sí ọ̀nà méjì. Fún apá kan, wọ́n ń yẹ ẹnu ilé ọmọ wọn wò pẹ̀lú fínígà lọ́dún méjì-méjì. Àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò náà kì í ṣe dókítà. Obìnrin tó ka ìwé mọ níwọ̀n ni wọ́n, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n sì fi kọ́ wọn. Lẹ́yìn ọdún 12, ikú jẹjẹrẹ yìí fi 31 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàárín àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò, ní ìfiwéra pẹ̀lú apá kejì.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Obìnrin á dùbúlẹ̀, nọ́ọ̀sì á fi irin kan ṣí ojú ara rẹ̀ díẹ̀, á tan iná sí i, á wá ki òwú bọ inú fínígà tí wọ́n là, á fi pa ẹnu ilé ọmọ. Yóò dúró fún ìṣẹ́jú kan. Bí ibẹ̀ bá mọ́ rekete bó ṣe wà, ó parí. Bí ojú ibì kan bá funfun bí ẹni fi ẹfun kùn ún, ẹran ara ibẹ̀ ti ń yí padà nìyẹn. Lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n lè fi ẹ̀rọ kékeré kan tó ń gbóná jó ojú ibẹ̀, kò sì ní ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Obìnrin náà á dìde, á relé.

Èyí tó tún dára ju fínígà lọ ti wà báyìí: àyẹ̀wò tó ń wá HPV fúnra rẹ̀. Ní 2021, àjọ ìlera àgbáyé ní òun ni kí gbogbo orílẹ̀-èdè máa lò láti ọdún 30, lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún 5 sí 10. Obìnrin tó ní HIV yóò bẹ̀rẹ̀ láti 25, yóò sì máa ṣe é lọ́dún 3 sí 5, nítorí ewu tirẹ̀ tó ìlọ́po 6. Obìnrin lè fọwọ́ ara rẹ̀ ti búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan sójú ara nínú yàrá tirẹ̀, kó yí i, kó sì fi í sínú ike. Kò sí pé ọkùnrin kan wò ó níhòòhò. Fún ọkọ tó ń kọ̀, fún ìyàwó tó ń tijú, mo gbà pé òun ni ìdáhùn.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ báyìí? Ẹ jẹ́ ká sọ pé obìnrin kan ń ta ìrẹsì fún àwọn awakọ̀ tírélà ní Coconut. Ẹ̀jẹ̀ ń yọ lára rẹ̀ lẹ́yìn tí òun àti ọkọ rẹ̀ bá lò pọ̀. Ó ra àgbo. Omi tó ń rùn tẹ̀ lé e, ó ra kápúsù lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri. Ìgbà tó di pé ẹ̀yìn ń ro ó, tí kò lè tọ̀ dáadáa mọ́, ló tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ ti kọjá iṣẹ́ abẹ. Ìtànṣán àti òògùn cisplatin ló kù, èyí tí ìwádìí ti fi hàn láti 1999 pé wọ́n ń ṣiṣẹ́ jù bí a bá lò wọ́n pọ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní INTERLACE tún sọ ní 2024 pé bí a bá fi òògùn jẹjẹrẹ ṣáájú wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, 80 nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin ló ń wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún, dípò 72. Ìtẹ̀síwájú gidi ni, mo sì yọ̀ sí i.

Ẹ̀rọ ìtànṣán wà ní Ìdí-Àràbà, ní ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí wọ́n ṣí ní ilé ìwòsàn LUTH ní oṣù kejì ọdún 2019. Láti Coconut, kò jìnnà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń gba ìtànṣán, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí tánkà àti tírélà ṣe ń dí ọ̀nà Àpápá sí Oṣòdì, ẹ sọ fún mi bí obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ yóò ṣe máa wọ dánfó lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́, kó máa san owó látàpò ara rẹ̀, kí ìrẹsì sì máa bá a dúró. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rose Anorlu ti LUTH ti kọ ọ́ láti 2008 pé àìmọ̀, òṣì àti àìsí ètò àyẹ̀wò ló ń mú kí obìnrin ilẹ̀ Áfíríkà pẹ́ dé ilé ìwòsàn. Òótọ́ ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì yí padà.

Mo gbọ́dọ̀ mẹ́nu kan àwọn jẹjẹrẹ ẹ̀yà ara ìbímọ obìnrin yòókù. Jẹjẹrẹ ilé ọmọ fúnra rẹ̀ sábà máa ń fi ẹ̀jẹ̀ hàn lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dúró. Ìyá tó bá tún rí ẹ̀jẹ̀ kó má sọ pé ara òun tún di ọ̀dọ́, kó lọ sílé ìwòsàn. Ti ilé ẹyin ló le jù láti mọ̀. Wọ́n yẹ àwọn obìnrin tó lé ní 200,000 wò ní Britain, èsì rẹ̀ ní 2021 sì ni pé àyẹ̀wò náà kò dín ikú kù. Bí ikùn bá ń wú tí kò fà, tí oúnjẹ díẹ̀ ń yó ènìyàn, ẹ má fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan jókòó tì í. Èyí tó ń jẹ yọ láti ara ibi ọmọ lẹ́yìn oyún, òògùn methotrexate ti ń wò ó láti 1956, kódà bó bá ti dé ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀jẹ̀ tó kọ̀ tí kò dá lẹ́yìn ìbímọ tàbí lẹ́yìn tí oyún wálẹ̀ ni àmì rẹ̀.

Ẹ̀yin aṣojú ìjọba ìbílẹ̀ Ajeromi-Ifelodun àti Àpápá tí ẹ jókòó síwájú, ẹ̀yin ni mo ń bẹ̀. Ẹ fi àyẹ̀wò HPV sí àwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé yín, níbi tí àwọn ìyá ti ń gbé ọmọ wá gbabẹ́rẹ́, àti níbi tí àwọn tó ní HIV ti ń gba òògùn wọn. Ẹ gbé e wá sínú ọjà ní Boundary. Ẹ kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì yín ní iṣẹ́ fínígà, ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń jó ojú ibẹ̀ fún wọn, kí obìnrin má bàa gba ìwé wá síbí, gba ìwé lọ sọ́hùn-ún. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ fún un lówó ọkọ̀, ẹ sì bá a jáde. Ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ ti pé ọdún 30 tẹ́ ẹ ò tíì ṣe é rí, ẹ lọ sílé ìwòsàn tó súnmọ́ yín kí oṣù yìí tó parí, ẹ béèrè àyẹ̀wò ẹnu ilé ọmọ. Bí wọ́n bá ní àwọn kò ní in, ẹ béèrè ibi tó wà, ẹ má sì padà sílé títí wọn yóò fi kọ orúkọ ibẹ̀ lé yín lọ́wọ́.