Ṣé Kí Àlejò Sanwó Kó Tó Sọ̀rọ̀ Lórí Pọ́díkáàsì?

Ajégúnlẹ̀ ní Èkó ni olórin Daddy Showkey ti gbé ijó gàlálà dé etí gbogbo Nàìjíríà láàárín ọdún 1990 sí 1999. Lónìí, olórin kan láti àdúgbò náà, tàbí ajẹ́ńtì tó ń gba ẹrù jáde ní èbúté Àpápá, lè di àlejò lórí pọ́díkáàsì. Àmọ́ àwọn olóòtú kan ń ní kí àlejò kọ́kọ́ sanwó.

Ṣé kó san án?

Ọ̀rọ̀ sísan owó kí wọ́n tó gbé èèyàn sáfẹ́fẹ́ ti pẹ́. Lọ́dún 1959, rédíò WABC ní Amẹ́ríkà lé Alan Freed, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó ń gbé orin sáfẹ́fẹ́ níbẹ̀, nígbà tó kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé pé òun kò gba owó abẹ́lẹ̀ rí láti gbé orin sáfẹ́fẹ́. Lọ́dún 1960, òfin ibẹ̀ sọ ọ́ di ọ̀ràn láti gba irú owó bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ kó hàn.

Nítorí náà, kí àlejò béèrè: èèyàn mélòó ló ń gbọ́ ètò náà? Ṣé àwọn oníbàárà òun wà lára wọn? Ṣé olóòtú á kéde pé wọ́n sanwó? Bí olóòtú ò bá dáhùn, kó má san kọ́bọ̀. Bí ìdáhùn bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó gba rìsíìtì, kó sì kà á mọ́ owó ìpolówó.