Ẹsẹ̀ Tí A Dì Jù

Ọ̀rọ̀ wa tòní dá lórí ẹsẹ̀ tó ṣẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ alùpùpù ní ń ṣubú ní ojú ọ̀nà wa.

A dá ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wa bí ilé oníyàrá. Láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀, yàrá 4 ni ẹran ara pín sí. Itan ní 3, òkè apá sì ní 2. Iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára ń gba inú wọn kọjá. Awọ líle kan tí kì í fẹ̀ ni ògiri wọn. Bí eegun bá ṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ a dà sínú yàrá, ẹran a wú, ṣùgbọ́n ògiri kò ní yẹ̀. Inú rẹ̀ a há tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ tuntun kò fi ní ráyè wọlé. Láàárín nǹkan bí wákàtí 6, ẹran náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Bí a bá wá fi ọparun àti aṣọ di irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ pinpin, ògiri kejì ni a mọ yí i ká. Ní 1881, Richard von Volkmann, oníṣẹ́ abẹ ará Jámánì, ti kọ̀wé nípa ọwọ́ tí ìdè líle sọ di kíká. Ní Nàìjíríà, àwọn dókítà ti kọ̀wé léraléra nípa àwọn tí a gé ní ẹsẹ̀, ọmọdé sì wà nínú wọn: kì í ṣe ṣíṣẹ́ ló fà á, ìdè ni.

A kò bú àwọn tí ń to eegun. Ìwé kan tí a tẹ̀ ní 2005 láti Etiópíà fi hàn pé, lẹ́yìn tí a dá wọn lẹ́kọ̀ọ́, gígé ẹsẹ̀ dín kù.

Nítorí náà, ẹ ṣọ́ àwọn àmì wọ̀nyí: ìrora tó ń le sí i lẹ́yìn dídì, ìrora ńlá nígbà tí a bá na ọmọ ìka, ìka tó kú tipiri tàbí tó tutù. Ẹ tú ìdè náà lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe fi omi gbígbóná jó o, ẹ má ṣe wọ́ ọ. Ẹ gbé aláìsàn náà lọ sí ilé ìwòsàn, kí oníṣẹ́ abẹ lè la ògiri náà kí ẹran tó kú.

Ìfaradà dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe níbí. Bí ọmọ bá ń ké pé ìdè ń pa òun, ẹ má ṣe pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ tú u.