Òfin Ọ̀rọ̀ Ìkọ̀kọ̀ Nínú Ẹjọ́ Owó Ìfìwéránṣẹ́ ní Amẹ́ríkà

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1970 dá ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún sílẹ̀ fún ọ̀ràn owó ìfìwéránṣẹ́. Òfin ọdún 2006 sọ ọ́ di Postal Regulatory Commission. Bí ẹjọ́ bá wà níwájú wọn, ẹni tí ọ̀ràn kàn kò gbọdọ̀ yọ́ bá wọn sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. (Kò sí èèwọ̀ nínú bíbéèrè ibi tí ẹjọ́ dé.) Ohun tó wú mi lórí ni pé òfin náà kò mọ sí ẹnu ẹni tó sọ ọ́, ó dé etí ẹni tó gbọ́ ọ. Ó di dandan kí ó kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ tí gbogbo ènìyàn lè kà. Oníṣòwò ńlá mọ ọ̀nà ọ́fíìsì wọn. Ìyá arúgbó tó ń ra sítáḿpù kan ṣoṣo kò mọ̀ ọ́n.