Ìdílé Àwọn Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé àwọn òbí)

Àwa tí à ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá lọ́jọ́ Sátidé ni ẹ ní kí á wá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n orí èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lónìí. Ẹ fi sùúrù gbọ́ ìdí rẹ̀.

Ní sáà tó kọjá, a ń ka orúkọ àwọn nǹkan inú ilé pẹ̀lú àwọn ọmọ. A kọ mẹ́rin sójú pátákó: tábìlì, ṣúgà, tíì, búrẹ́dì. Ni ọmọ kan bá nawọ́ sókè, ó ní, "Àǹtí, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo èyí o. Kí ni Yorùbá wá ní tirẹ̀?" Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò rí wa fín, ohun tó rí ló sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, kò wá mọ́. Ìyá rẹ̀ sọ fún wa pé ó ní òun ò rí ìdí tí òun yóò fi máa kọ́ èdè tó ń tọrọ ọ̀rọ̀ kiri. Ó dùn wá, nítorí pé a kò ní èsì kankan lẹ́nu lọ́jọ́ náà.

Èyí ló gbé wa dé ilé ìkàwé, níbi tí a ti ṣí ìwé atúmọ̀ èdè ńlá ti Oxford. Apá kìíní ìwé náà jáde ní 1884, wọn kò sì parí rẹ̀ títí di 1928. Ó máa ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti wá, bí ìgbà tí àgbàlagbà bá ń ka ìdílé ẹni. Èsì ni a wá lọ, ìgbádùn ni a bá níbẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà, a ò lè mu tíì mọ́ kí a má ronú ibi tí orúkọ rẹ̀ ti wá.

Ẹ wo "window". Àwọn jagunjagun láti Denmark àti Norway, tí wọ́n wá tẹ̀dó sí England ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, ló fi èdè wọn sílẹ̀ níbẹ̀. "Vindauga" ni wọ́n ń pè é. "Vindr" ni afẹ́fẹ́, "auga" ni ojú. Ojú afẹ́fẹ́! Àwa tí à ń sọ pé ojú abẹ́rẹ́ àti ojú ọ̀nà, ṣé ó yẹ kí èyí ṣe àjèjì sí wa? Inú èdè kan náà ni "husband" ti wá: "hús" ni ilé, "bóndi" ni ẹni tó ni ibùgbé. Baálé náà kọ́ nìyẹn?

Èyí tó pa wá lẹ́rìn-ín jù ni "lord" àti "lady". Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ gan-an ni àwọn méjèèjì. Olùṣọ́ búrẹ́dì ni "lord", ẹni tó ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì ni "lady". Nítorí náà, gbogbo àwọn Lọ́ọ̀dù tó wà ní Westminster, ẹ̀ṣọ́ búrẹ́dì ni wọ́n. Ọ̀kan nínú wa ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ń ro àmàlà nílé òun ni lédì, kí wọ́n máa pe òun bẹ́ẹ̀ láti òní lọ.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ọmọ wa nìyí. Ní 1066, William, olórí ilẹ̀ Normandy, ṣẹ́gun England. Faransé di èdè ààfin àti ti ilé ẹjọ́. Ẹni tó ń da ẹran ní pápá ń pè é ní "cow", ẹni tí wọ́n sè é síwájú rẹ̀ ń pè é ní "beef", Faransé sì ni "beef". Bẹ́ẹ̀ náà ni "sheep" àti "mutton", "pig" àti "pork". "Judge", "court", "prison", Faransé ni gbogbo wọn. Nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún ni Gẹ̀ẹ́sì fi jẹ́ èdè ilé àti èdè oko. Ní 1362 ni òfin tó jáde pé kí wọ́n máa fi Gẹ̀ẹ́sì ro ẹjọ́, nítorí pé àwọn ará ìlú kò gbọ́ Faransé. Ẹ wá gbọ́ o: Faransé ni wọ́n fi kọ òfin náà!

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ojú pátákó wa ńkọ́? "Table" gba inú Faransé wá láti èdè Látìn. "Sugar" ti inú èdè Lárúbáwá wá, India ni àwọn Lárúbáwá sì ti gbà á. "Tea" jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn ará Fujian ní China, àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Holland ló gbé e wá sí Yúróòpù. Búrẹ́dì nìkan ni Gẹ̀ẹ́sì lè pè ní ti baba rẹ̀. Àwa náà, ta ló rántí pé láti inú èdè Lárúbáwá ni àlùbọ́sà, wákàtí, àdúrà àti àlàáfíà ti wá? Wọ́n ti di ọmọ ilé. Àwa náà sì ti ń yá wọn ní ọ̀rọ̀: ní 2020, "danfo" àti "tokunbo" wọ inú ìwé atúmọ̀ èdè Oxford yìí kan náà. Ẹ̀yin tí ẹ sọ ọmọ yín ní Tòkunbọ̀, ẹ kú oríire.

Ẹ kàn ṣọ́ra fún ìtàn tó bá dùn jù. Wọ́n máa ń sọ pé "posh" wá láti ara tíkẹ́ẹ̀tì àwọn olówó tó ń wọkọ̀ ojú omi lọ sí India. Àwọn onímọ̀ wá ẹ̀rí rẹ̀ títí, wọn kò rí i. Àwa Yorùbá náà kò gbẹ́yìn nínú ká máa tú ọ̀rọ̀ bó bá ṣe wù wá.

A kọ ìtàn ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ìwé, a fi rán ìyá ọmọ náà. Ọmọ padà wá ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó sì mú ọ̀rọ̀ tirẹ̀ dání: "Thursday". Ó ti wá ìdí rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ní ọjọ́ Thor ni, òrìṣà àrá àwọn ará àríwá, tó ń fi òòlù jà. Ó bi wá bóyá Yorùbá náà ní irú rẹ̀. A sọ fún un pé nínú ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin àwọn baba wa, Ọjọ́ Jàkúta ni ọjọ́ Ṣàngó, ẹni tó ń fi òkúta jà. Kò jẹ́ ká kọ́ nǹkan mìíràn mọ́ lọ́jọ́ náà. Ìtàn Ṣàngó ni a sì ń bá bọ̀ láti ìgbà náà, a ò tíì parí rẹ̀.