Ẹ̀kọ́ Oyè Gíga fún Olùkọ́ Ìmọ̀-Ẹ̀rọ: Ta Ni Ó Ń Padà sí Yàrá Iṣẹ́?

Orí ọ̀rọ̀ tí a fún mi ni ẹ̀kọ́ oyè gíga àti ìdàgbàsókè olùkọ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Bí a bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó lè jọ ọ̀rọ̀ tí ó kan kìkì ìwọ̀nba ènìyàn tí ń lépa oyè. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà nídìí rẹ̀ tí mo fẹ́ kí a jọ fi ọkàn yẹ̀ wò: nígbà tí olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ ọwọ́ bá ń kàwé kún ìwé, ṣé iṣẹ́ náà ni ó túbọ̀ ń mọ̀ sí i ni, tàbí ọ̀nà tí yóò gbà kúrò nídìí iṣẹ́ náà ni ó ń wá?

Ó yẹ kí n tètè sọ ẹni tí mo ń pè ní olùkọ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ. Kì í ṣe olùkọ́ kọ̀ǹpútà nìkan, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń rò lóde òní. Olùkọ́ tí ń kọ́ ọmọ ọdún méjìlá bí a ṣe ń di ayùn mú, bí a ṣe ń ya àwòrán ilé lórí pátákó, bí iná mànàmáná ṣe ń gba inú wáyà kọjá, bí a ṣe ń mọ igi tí ó ti gbẹ yàtọ̀ sí igi tútù, òun ni mo ní lọ́kàn.

Lórí ilẹ̀ Àwórì ni a wà. Ìtàn àwọn onílẹ̀ sọ pé àwo ni Ọlọ́fin Ògúnfúnmínire gbé sórí omi tí ó sì ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, ibi tí àwo sì rì sí ni wọ́n tẹ̀dó sí. Ẹ̀kọ́ṣẹ́ kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ tí a ti ń gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi, tí a ti ń wun àwọ̀n, tí a sì ń rọ ọkọ́ àti àdá. Ohun kan wà nínú ètò ẹ̀kọ́ṣẹ́ àwọn baba wa tí a kì í sábà kíyè sí. Ọmọ tí a mú lọ sílé alágbẹ̀dẹ yóò kọ́kọ́ máa fín ẹwìrì. Bí ó ti ń dàgbà nínú iṣẹ́ náà, yóò máa bá ọ̀gá di ẹ̀mú mú, lẹ́yìn èyí ni yóò gba owú lọ́wọ́ ọ̀gá. Bí ó bá gbòmìnira, tí ó sì di ọ̀gá fúnra rẹ̀, ìdí iná náà ni yóò ṣì wà. Ìgbéga rẹ̀ ń mú un wọnú iṣẹ́ lọ ni. Nínú ètò tí àwa ń lò ní yunifásítì àti ní iléeṣẹ́ ẹ̀kọ́, ẹni tí a bá gbé ga ni a ń mú kúrò nídìí iná.

Ẹ jẹ́ kí n tọ́ka sí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1959, kí a tó gbòmìnira, ni a gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Eric Ashby láti wo irú ẹ̀kọ́ gíga tí yóò bá Nàìjíríà mu. Ìròyìn wọn jáde ní ọdún 1960. Wọ́n ṣàkíyèsí pé ìwé kíkà lásán àti oyè yunifásítì ni ó ní iyì lójú wa, pé a kò ka iṣẹ́ ẹ̀rọ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ sí bẹ́ẹ̀. Láti inú àwọn àbá ìgbà náà ni àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì gíga fún àwọn olùkọ́ ti jáde, àti ìwé-ẹ̀rí NCE tí gbogbo wa mọ̀ bí ẹní mowó. Ní ọdún 1967 ni ìjọba àpapọ̀ dá kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ sílẹ̀ ní Yábàá, èyí tí ó di Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ Ìjọba Àpapọ̀ fún Iṣẹ́ Ẹ̀rọ, Àkọ́kà. Ti ìhín ní Ọ̀tọ̀-Ìjànikin wá láti ilé-ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Sùúrùlérè ní ọdún 1958. Ó di Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ Ìpínlẹ̀ Èkó, a tún fi orúkọ Adéníran Ògúnsànyà pè é, nígbà tí ó sì di ọdún 2022, a pa á pọ̀ mọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì Michael Ọ̀tẹ́dọlá ti Nọ́forìjà, l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, wọ́n sì di Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Ìpínlẹ̀ Èkó. Nítorí náà, ibi tí a ti ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí NCE tẹ́lẹ̀ ti di ibi tí a óò ti máa fi oyè yunifásítì dáni lọ́lá. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi jẹ́ kánjúkánjú fún wa. Ilé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́, orí ìpìlẹ̀ ni a ti ń tún un ṣe.

Ibi tí mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀ ni ọdún 1982. Ìlànà ẹ̀kọ́ ti orílẹ̀-èdè yìí ti jáde ní ọdún 1977, a sì tún un yẹ̀ wò ní ọdún 1981. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ètò ọlọ́dún mẹ́fà, mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́rin bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọmọ tí ó bá wọ ipele kékeré ilé-ẹ̀kọ́ girama ni yóò kọ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èrò náà dára púpọ̀. Ìjọba náwó, wọ́n ra ẹ̀rọ láti òkèèrè, pàápàá láti àwọn orílẹ̀-èdè ìlà-oòrùn Yúróòpù, wọ́n sì pín in kiri àwọn ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ olùkọ́ nígbà náà mọ èyí tí ó kù. Inú àpótí onígi tí a fi kó wọn dé ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ náà wà fún ọdún gbọọrọ. Níbì kan, a kò kọ́ yàrá tí a óò gbé wọn sí. Níbòmíràn, yàrá wà ṣùgbọ́n iná kò dé ibẹ̀. Níbi tí yàrá àti iná ti wà, kò sí ẹni tí ó mọ bí a ṣe ń tò ó. Òjò pa á, ìpáta dé sí i.

Nígbà tí a bá ń sọ ìtàn àpótí wọ̀nyí, ìjọba ni a sábà máa ń dá lẹ́bi, n kò sì ní gbèjà ìjọba. Ṣùgbọ́n mo ní ìbéèrè tèmi. Láàárín àwọn ọdún náà ni a rán ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ lọ sí Amẹ́ríkà àti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ àti bí a ṣe ń fi í kọ́ni. Wọ́n lọ, wọ́n sì gboyè. Nígbà tí wọ́n dé, ibo ni a fi wọ́n sí? Àwọn kan di olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, àwọn kan di ọ̀gá ní iléeṣẹ́ ẹ̀kọ́, àwọn mìíràn bá ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ. Kò sí èyí tí ó burú nínú wọn. Ṣùgbọ́n ètò wa kò fi àyè iyì kankan sílẹ̀ fún ẹni tí ó ní oyè kejì tí ó sì fẹ́ lọ ṣí àpótí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, kí ó to ẹ̀rọ, kí ó sì dúró tì í.

Ọdún ti lọ. Ọ̀ràn náà kò lọ. Orúkọ ẹ̀kọ́ náà ti yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, wọ́n tilẹ̀ dà á pọ̀ mọ́ sáyẹ́ǹsì. Ní ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde ìwé ètò ẹ̀kọ́ tuntun tí ó ní iṣẹ́ ọwọ́ nínú: títo iná olóòrùn àti títọ́jú rẹ̀, àtúnṣe kọ̀ǹpútà àti tẹlifóònù alágbèéká, aṣọ rírán, àti àwọn mìíràn. Ẹ wá ro ti olùkọ́ tí ó kọ́ bí a ṣe ń so igi pọ̀ ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, tí a wá ní kí ó fi páńẹ́ẹ̀lì olóòrùn kọ́ ọmọ. Kò mọ̀ ọ́n, kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ẹ tún fi ti òfin ọdún 2022 kún un, èyí tí ó fún olùkọ́ láyè láti ṣiṣẹ́ títí di ẹni ọdún 65 tàbí kí ó fi pé ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni ọdún 25 tí ó bá wọṣẹ́ ní ọdún 2026 lè máa kọ́ni títí di ọdún 2066. Ta ni nínú wa tí ó lè sọ irú ẹ̀rọ tí yóò wà lórí tábìlì ní ọdún 2066? Ẹ̀kọ́ tí a fún un kí ó tó wọṣẹ́ kò lè gbé e dé ibẹ̀.

Nítorí náà, kò sí ẹni tí yóò sọ pé kí olùkọ́ má kàwé sí i. Irú ẹ̀kọ́ tí yóò kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Mo ti ka àpilẹ̀kọ oyè tí ó pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, mo sì ti bá wọn jókòó níbi ìdánwò. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni a fi ìwé ìbéèrè ṣe: mo gbà gidigidi, mo gbà, n kò gbà, n kò gbà rárá. A pín in fún igba olùkọ́, a ṣírò rẹ̀, a sì rí i pé irinṣẹ́ kò tó. Ẹ̀yin ará, a ti mọ̀ pé irinṣẹ́ kò tó! Olùkọ́ kan tí mo mọ̀ fẹ́ wádìí ìdí tí abẹ ayùn fi ń kán léraléra lọ́wọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, bóyá irin ni kò dára, tàbí bí wọ́n ṣe ń dì í mú, tàbí igi tí wọ́n ń fún wọn gé. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti ń kàwé, tí n kò ní dárúkọ, wọ́n ní kì í ṣe ohun tí a fi ń gba oyè kejì. Ó padà lọ kọ̀wé lórí ìhà tí àwọn olùkọ́ kọ sí iṣẹ́ wọn. Ó gboyè. Títí di òní, n kò tí ì rí ẹni tí ó dá ìbéèrè ayùn náà lóhùn, bẹ́ẹ̀ ìdáhùn rẹ̀ ìbá wúlò fún gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà láti Mẹ́ìlì Kejì dé Àgbádárìgì.

Ìrìn-àjò kékeré ni láti ibi yìí dé Alábà, ní Ọ̀jọ́. Gbogbo ènìyàn mọ Alábà sí ibi tí a ti ń ra rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Ibi ẹ̀kọ́ ni pẹ̀lú. Níbẹ̀, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ń tú ẹ̀rọ palẹ̀, ó ń fi mítà wá ibi tí iná ti já, ó ń jó léèdì mọ́ ọn, ó sì ń tò ó padà, lábẹ́ ojú ọ̀gá tí yóò gbá a lọ́wọ́ bí ó bá fi èyí tí kò yẹ síbi tí kò yẹ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀gá náà jẹ́ ọmọ Ìbò, tí òkìkí ètò ìkọ́ṣẹ́ wọn ti kàn dé òkè òkun. Ìmọ̀ tí àwọn olùkọ́ wa ń wá kiri ń bẹ nítòsí, ṣùgbọ́n kò ní ìwé-ẹ̀rí, nítorí náà a ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ kí lẹ́kíṣọ̀ má baà bọ́ lọ́wọ́ wa.

Àbá mi nìyí. Kí olùkọ́ tí ó bá ń kàwé oyè kejì nínú ìmọ̀-ẹ̀rọ lo ìdá kan nínú àkókò rẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá oníṣẹ́, bóyá ní Alábà, bóyá lọ́dọ̀ àwọn tí ń kan ọkọ̀ ojú omi tàbí àwọn tí ń jó irin ní etí títì Àgbádárìgì. Ẹ̀kọ́ àkókò ọlidé tí a ń pè ní sáńwíìṣì bá èyí mu dáadáa, nítorí pé olùkọ́ kò ní fi kíláàsì rẹ̀ sílẹ̀. Kí àpilẹ̀kọ rẹ̀ ní ohun kan nínú tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe tàbí tí ó tún ṣe, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ bí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣe lò ó àti ibi tí wọ́n ti ṣì í lò. Kí ọ̀gá oníṣẹ́ náà sì jókòó láàárín àwọn tí yóò dán an wò.

Mo mọ̀ pé èyí tí ó kẹ́yìn yìí yóò bí àwọn kan nínú. Wọn yóò ní, ṣé a fẹ́ sọ yunifásítì di ṣọ́ọ̀bù ni? Mo ní kí a wo àwọn dókítà. Ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ abẹ ní ilé-ìwòsàn yunifásítì Ìbàdàn kò fi ọ̀bẹ sílẹ̀ nítorí pé ó di ọ̀jọ̀gbọ́n. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ oyè gíga rẹ̀ ń dúró tì í níbi tí ó ti ń la ara ènìyàn, kò sì sí ẹni tí ó sọ pé ìyẹn bu yunifásítì kù. Bí a bá gba èyí fún ẹni tí ń tún ara ṣe, kí ló dé tí a kò lè gbà á fún ẹni tí ń tún ẹ̀rọ ṣe?

Ọ̀rọ̀ èdè náà wà níbẹ̀, bí àyè kò tilẹ̀ gbà mí láti tú u palẹ̀. Ní ọdún 1970 ni Babs Fáfúnwá àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ifẹ̀, níbi tí a ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, tí àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Nínú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, Yorùbá ni a fi ń ṣàlàyé ìdí tí ẹ́ńjìnnì fi ń rú èéfín. Olùkọ́ tí ó bá lọ síbẹ̀ yóò kó ọ̀rọ̀ bọ̀ pẹ̀lú ìmọ̀; ẹ̀ka tí ń kọ́ni ní èdè Yorùbá kò sì gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ ní òun nìkan.

Ìpele àkọ́kọ́ ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù, láti Marina dé Mẹ́ìlì Kejì, bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Okokomáìkò ni a pète pé yóò parí sí. Àwọn tí yóò máa tọ́jú wáyà rẹ̀ àti bíríkì rẹ̀ wà ní kíláàsì girama lónìí, ní ẹ̀bá ojú ọ̀nà rẹ̀ gan-an.

Nítorí náà, mo ní ìbéèrè kan lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ tí ó wà nínú gbọ̀ngàn yìí tí wọ́n fẹ́ wá forúkọ sílẹ̀ fún oyè gíga lọ́dọ̀ wa. Kí ẹ tó gba fọ́ọ̀mù, ẹ lọ sí yàrá iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ yín. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹ̀rọ àti irinṣẹ́ tí ẹ bá níbẹ̀ sílẹ̀, èyí tí ń ṣiṣẹ́ àti èyí tí kò ṣiṣẹ́. Bí àpótí kan bá wà tí a kò tí ì ṣí, ẹ ṣí i. Ẹ yan ọ̀kan nínú àwọn tí kò ṣiṣẹ́, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ rò pé ó ṣe é. Bí ẹ̀ka wa bá gbà fún mi, ìwé yẹn ni a óò kọ́kọ́ bi yín níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.