Bí A Bá Fi Àáké Kọ́rí, Níbo Ni Àáké Wà?

Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Síbẹ̀ kò tí ì sí ẹni tí ó já koríko fún ẹṣin náà. Bákan náà ni àkànlò èdè rí. Àkójọpọ̀ ọ̀rọ̀ ni, tí ìtumọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí àròpọ̀ ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń tú u ní ẹyọ ẹyọ, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ pa àwọn tí ń gbọ́ ọ. Bí kò bá ṣọ́ra, ẹkún lè tẹ̀lé e.

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo àlejò kan tí ó ń kọ́ èdè Yorùbá, tí ó sì gba ohun gbogbo bí wọ́n ti sọ ọ́. Ní òwúrọ̀, wọ́n sọ fún un pé onílé fi àáké kọ́rí, kò ní dín owó ilé kù. Àlejò sáré wá òwú àti ògùn ojú egbò. Ó bá baba náà níbi tí ó ti ń jẹ ẹ̀kọ, orí rẹ̀ ń dán, kò sí àpá kan níbẹ̀. Ní ọ̀sán, wọ́n ní olè kan na pápá bora. Àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò bí ènìyàn yóò ti tóbi tó kí ó tó lè fi odindi pápá ṣe aṣọ ìbora. Ní ìrọ̀lẹ́, ó gbọ́ pé aládùúgbò rẹ̀ jẹ gbèsè. Ó béèrè bóyá ó fi ata sí i. Ní alẹ́, wọ́n rọra sọ fún un pé ọba wàjà. Ó gbójú sókè, ó ní kí wọ́n wá àkàsọ̀, kí wọ́n fi gbé kábíyèsí sọ̀kalẹ̀.

Kì í ṣe pé àlejò yìí gọ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà ni ó mọ̀. Àṣà tí ó so wọ́n pọ̀ ni kò mọ̀. Èèwọ̀ ni kí á sọ pé ọba kú, ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ó wàjà. Nígbà tí eré Dúró Ládiípọ̀ tí a ń pè ní Ọba Wàjà jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1964, ohun tí àkọlé Gẹ̀ẹ́sì náà sọ ni pé ọba ti kú. Kò mẹ́nu kan àjà rárá. Iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ń ṣe ni ògbufọ̀ tú, kì í ṣe ara ọ̀rọ̀.

Ibi tí ẹ̀rín ti ń di ẹkún ni ilé ẹjọ́. Abala 36 nínú Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún ẹni tí a fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn ní ẹ̀tọ́ sí ògbufọ̀ láìsan owó, bí kò bá gbọ́ èdè tí a fi ń ṣe ẹjọ́ náà. Ká ní ẹlẹ́rìí kan dìde, ó ní, “Olúwa mi, ní alẹ́ ọjọ́ náà, ọkùnrin yìí pa gbogbo wa lẹ́rìn-ín.” Bí ògbufọ̀ bá dúró lórí “pa”, apànìyàn ni adájọ́ yóò kọ sílẹ̀, a jẹ́ pé òkú ni ó ń jẹ́rìí. Bí olùjẹ́jọ́ bá sì wí pé òun fi àáké kọ́rí nígbà tí àwọn olè ní kí òun bá wọn lọ, ọ̀rọ̀ tí yóò dá a sílẹ̀ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n bí ògbufọ̀ bá gbé àáké wọ inú ìwé, ohun ìjà ni ó dà, ọlọ́pàá yóò sì máa wá a kiri. Báyìí ni aláìṣẹ̀ ṣe lè dé ẹ̀wọ̀n.

Nítorí náà, kí á má ṣe fi iṣẹ́ ògbufọ̀ lé ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣáà wà nítòsí lọ́wọ́. Kí àwọn òbí náà sì rántí pé ọmọ tí a kò bá sọ Yorùbá fún nílé, òun ni àlejò yẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé baba rẹ̀ ni a bí i sí.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì lọ wá ẹyin náà nínú ilé adìyẹ. Ó dàárọ̀ o.